Ibi Tó Tòrò Láàárín Omi Rírú

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó bẹ̀rù omi jù lọ ní gbogbo etí òkun yẹn, ẹ má wá a láàárín àwọn ọmọdé. Obìnrin àgbà ni, ó ti ní ewú lórí, iṣẹ́ omi ló sì fi ń jẹun. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń fi àwòrán láti ojú ọ̀run wo òkun. Kò sí àárọ̀ kan tí òkun kì í tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ ẹ ní kó wá ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ ó rí ìjà. Àǹtí Sátẹ́láìtì ni gbogbo wọn ń pè é, láti orí ẹni tó ń gbálẹ̀ títí dé orí ọ̀gá. Nígbà tí orúkọ náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó bínú sí i. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi dáhùn fóònù.

Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe àṣejù o. Nígbà tó wà lọ́mọ ilé-ìwé, ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé pẹ̀lú òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n yọ gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó kú, àwọn yòókù sì ti gbàgbé. Òun ò gbàgbé. Kì í ṣe omi tó mu ló dẹ́rù bà á. Omi náà ló rú bí omi tí wọ́n fi fọ aṣọ mẹkáníìkì, kò mọ ibi tí òkè wà, kò mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà, ó sì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ nígbà tó rò pé òkè lòun ń lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo omi ayé ti pín sí méjì lọ́kàn rẹ̀, èyí tó tòrò àti èyí tó rú. Nígbà tó dàgbà, tó gbọ́ pé iṣẹ́ kan wà tí èèyàn ti lè jókòó jẹ́jẹ́ sórí àga gbígbẹ, kó sì máa wọn bí omi ṣe rú tó láti òkè ọ̀run, ó sáré wọ inú iṣẹ́ náà bí ẹni tí òjò ń lé.

Yàrá rẹ̀ wà ní àjà tó ga jù nínú ilé náà. Fèrèsé méjì ló bá níbẹ̀, ọ̀kan kọjú sí òkun, èkejì kọjú sí ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ní kí wọ́n bá òun gbé kọ́bọ́ọ̀dù ìwé dí ti òkun. Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lókè orí rẹ̀ máa ń kán sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn nìkan sì ni omi tó ń jẹ́ kó sún mọ́ òun lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi tìmùtìmù pupa sórí àga, ó lẹ àwòrán àbúrò rẹ̀ mọ́ ara ògiri, ó sì ń jẹ gàba níbẹ̀ bí ọba.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti yé èèyàn. Sátẹ́láìtì á kọjá lókè, á ya àwòrán etí òkun, á fi ránṣẹ́. Omi tó tòrò máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, omi tó ní ẹrẹ̀ máa ń dá a padà. Bí ìmọ́lẹ̀ tó padà bá ṣe pọ̀ tó ni omi náà ṣe rú tó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ wà láàárín. Eruku àti kùrukùru ń dá ìmọ́lẹ̀ tiwọn náà padà, wọ́n á sì bo àwòrán náà bí ìgbà tí dígí ojú èèyàn bá dọ̀tí. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ìmọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ kúrò. Fífọ̀ ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì wọn. Lẹ́yìn fífọ̀ ni máàpù á tó jáde, á ṣe búlúù níbi tó tòrò, á sì pọ́n rúsúrúsú níbi tó rú.

Ọ̀gá wọn ni gbogbo èèyàn ń pè ní Dókítà. Dókítà ìwé ni o, bí orí bá ń fọ́ yín, ẹ má lọ bá a. Àmọ́ ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọlúàbí sì ni. Òun ló fi lélẹ̀ pé kí ọkọ̀ wọn máa lọ sójú omi láti yẹ máàpù wò. Wọ́n á so àwo funfun kan mọ́ okùn, wọ́n á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú ò fi ní rí i mọ́. Bí àwo bá jìn kó tó pòórá, a jẹ́ pé omi tòrò. Ohun tí àwo bá sọ ni wọ́n ń gbà bí ọ̀rọ̀ òun àti sátẹ́láìtì ò bá dọ́gba.

Ẹni tó ń lo máàpù Àǹtí Sátẹ́láìtì jù lọ ni àbúrò rẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀ràn: ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ rí omi, àbúrò ò lè ṣe kó má rí i. Ẹja ni wọ́n ti ń pè é láti kékeré. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló sì tọ́ ọ. Òun ló ń bá a gé èékánná, òun ló ń nà án, òun náà ló ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tó bá nà án tán. Kò bí ọmọ tirẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé ọmọ mélòó ló ní, á ní ọ̀kan ṣoṣo ni, ó sì ti hu irùngbọ̀n. Ọmọ onírùngbọ̀n yìí wá wo gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé, kò rí èyí tó wù ú ju kó wọ aṣọ rọ́bà, kó ki rọ́bà afẹ́fẹ́ bọnu, kó máa lọ tún irin ṣe nísàlẹ̀ òkun. Ẹ̀gbọ́n sunkún, ó jà, ó yan odì. Nígbà tó rí i pé kò sí ohun tóun lè ṣe sí i mọ́, ó ní kó ṣe ìlérí ẹyọ kan fóun, pé kò ní wọ omi tó rú láéláé, pé á máa bi òun kó tó wọ̀ ọ́. Ẹja ṣe ìlérí náà, ó sì ń mú un ṣẹ.

Ibi tí wọ́n ti ń pè é sí iṣẹ́ jù ni ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tó wà létí òkun. Páìpù ńlá méjì ló ń fa omi òkun wọlé láti fi mú kí àwọn ẹ̀rọ wọn tutù. Ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan ní asẹ́ onírin, koríko òkun àti ọ̀rá sì máa ń dí i. Bí wọ́n bá fẹ́ ha ọ̀kan mọ́, wọ́n á pa pọ́ǹpù tiẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí èkejì máa fa omi lọ, torí iná ìlú ò gbọ́dọ̀ kú. Àwọn asẹ́ náà jọra bí ìbejì. Ọ̀dà ni wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀kan yẹ́lò, ọ̀kan funfun, òmùwẹ̀ á sì fi ojú mọ èyí tí wọ́n ti pa. Bí omi bá tòrò, kò sẹ́ni tó lè ṣì í. Bí omi bá rú, ọwọ́ ló kù. Ẹni tó bá sì lọ fọwọ́ kan èyí tó ń fa, pọ́ǹpù á gbá a mọ́ irin, kò ní jẹ́ kó lọ mọ́. Àǹtí Sátẹ́láìtì mọ gbogbo èyí ní àmọ̀dunjú. Ó ti lá àlá rẹ̀ ní oríṣiríṣi.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, oòrùn ń ràn. Ó ti pẹ́ tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn, eruku ti bo gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sísàlẹ̀ fèrèsé rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tiwọn ò sí nílé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí gbogbo ọjọ́ jẹ́ ọ̀la fún. Àwòrán àárọ̀ wọlé, kò ní ẹyọ ìkùukùu kankan, ó fọ̀ ọ́ bó ṣe ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Máàpù jáde. Ẹnu odò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ iná pọ́n rúsúrúsú díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe tuntun, àmọ́ ojú ibi tí páìpù wà ṣe búlúù mìnìjọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Kò tíì mu tíì rẹ̀ tán tí fóònù fi dún.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"A dúpẹ́. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Omi ńkọ́?"

"Ó rú díẹ̀ lẹ́nu odò, àmọ́ ó tòrò lọ́dọ̀ yín. Ó tòrò gan-an ni."

"Àwo ńkọ́? Wọ́n ti fi wò ó?"

"Ọkọ̀ wa ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ṣé ìwọ náà ti fẹ́ máa yẹ iṣẹ́ mi wò ni?"

Ẹja bú sẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Ta ni mí? Ẹ̀yin tí sátẹ́láìtì ń kúnlẹ̀ kí láàárọ̀! Ẹ jẹ́ kí n lọ wọṣọ jàre, Baba Dákẹ́ ti ń wò mí níwòkuwò."

Baba Dákẹ́ ni àgbàlagbà tó máa ń di okùn Ẹja mú lókè bí Ẹja bá wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àǹtí Sátẹ́láìtì fẹ́ràn rẹ̀ torí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára okùn náà, kódà bí eṣinṣin bá bà lé e nímú.

"Rọra o," ló sọ fún àbúrò rẹ̀, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó bu búrẹ́dì jẹ.

Dókítà ló yọjú lẹ́yìn náà, ó di kọ́ọ̀pù lọ́wọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ tàkurọ̀sọ.

"Àǹtí, ẹ ò gbọ́ nǹkan. Àna mi pè mí láti òkè odò. Ó ní òjò tó rọ̀ lọ́dọ̀ wọn ò ṣeé fẹnu sọ. Odò ti gbé afárá wọn lọ. Ó ní omi náà pupa, ó gbé odidi igi lọ́wọ́, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìgbà wo nìyẹn?"

"Láti ìjẹta ni. Ó ní ó ti dá báyìí." Ó mu tíì rẹ̀ díẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Àǹtí Sátẹ́láìtì kọ́kọ́ káàánú àwọn ará òkè odò. Lẹ́yìn náà ló wá yí padà sí máàpù rẹ̀, ó sì ń wo ibi tó ṣe búlúù yẹn. Rúsúrúsú wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ó wà lápá òsì, ó wà níwájú àti lẹ́yìn. Báwo ni omi tó tòrò ṣe máa dá dúró láàárín ẹrẹ̀, láìsí ògiri, láìsí ọgbà? Ta ló ń ṣọ́ ọ? Ó ṣí àwòrán tí wọn ò tíì fọ̀, bí sátẹ́láìtì ṣe fi ránṣẹ́ gan-an. Ibẹ̀ ló pọ́n jù lọ. Ó ki, ó dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì púpọ̀ sí, ó sì bo ẹnu páìpù méjèèjì mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú èèyàn ò lè rí, tí omi lásán máa ń gbé mì láìṣẹ́kù. Bí kọ̀ǹpútà bá rí ìmọ́lẹ̀ yẹn lórí òkun, á ní omi kọ́ ló dá èyí padà, afẹ́fẹ́ ni, á sì fọ̀ ọ́ kúrò. Òótọ́ sì ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ bí ẹrẹ̀ bá ti ki kọjá ààlà, ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ á máa dá ìmọ́lẹ̀ náà padà. Kọ̀ǹpútà á wá pe ẹrẹ̀ ní kùrukùru, á fọ ẹrẹ̀ kúrò, ibi tó dọ̀tí jù nínú gbogbo òkun á sì mọ́ tónítóní lórí máàpù. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà fífọ̀ kejì wà fún ìgbà tí odò bá kún, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń yàn án. Òun ló ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Kò yàn án láàárọ̀ yìí, torí pé oòrùn ń ràn níbi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀.

Àyà rẹ̀ já. Ó pe Ẹja, obìnrin inú fóònù sì fi ohùn dídùn sọ fún un pé nọ́ńbà náà ò lọ. Ó tún un pè. Obìnrin náà tún un sọ, bí ẹni tí nǹkan kan ò kàn. Inú ọkọ̀ ni wọ́n máa ń ti fóònù mọ́ kí wọ́n tó wọ iṣẹ́, ó mọ̀, síbẹ̀ ó pe ti Baba Dákẹ́ náà. Ó ń dún, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Kò mọ bó ṣe dé yàrá Dókítà. "Ẹrẹ̀ ni," ló ń sọ. "Ẹrẹ̀ ni, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Mo ní ó tòrò. Àbúrò mi ti wọ̀ ọ́."

Dókítà gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Ó fa fóònù orí tábìlì mọ́ra, ó sì ń pe ilé-iṣẹ́ iná. "Ẹ jókòó," ló ní, "ẹ jókòó ná, màá ní kí wọ́n pa pọ́ǹpù kejì." Àga tó nàka sí nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, Àǹtí Sátẹ́láìtì ti dé orí àtẹ̀gùn. Bàtà rẹ̀ kan yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní àjà kejì, kò padà mú un.

Awakọ̀ takisí tó gbé e wò ó látòkè délẹ̀. "Màmá, ṣé kò sí o? Ṣé ẹnì kan ń lé yín ni?"

"Etí òkun. Ilé-iṣẹ́ iná. Jọ̀ọ́, sáré."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ti débẹ̀ tán," ni awakọ̀ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn bí òun ṣe gbé aláboyún kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó jẹ́ pé orí àga ẹ̀yìn yẹn gan-an ló ti bímọ. Àǹtí Sátẹ́láìtì kò gbọ́ ọ. Ó ń rí Ẹja nínú ọkàn rẹ̀. Ó ń rí i tó na ọwọ́ síwájú, tó ń wá asẹ́ kiri. Ó ń sọ fún un nínú ọkàn rẹ̀ pé kó ká ọwọ́ kò, bó ṣe máa ń sọ fún un nígbà tó bá ń rákò lọ sídìí sítóòfù. Ó fẹ́ kí awakọ̀ náà dákẹ́, ó sì tún ń bẹ̀rù pé kó má lọ dákẹ́. Ní ìkóríta, iná pupa dá wọn dúró. Ó rò pé òun máa kú sínú ọkọ̀ yẹn.

Fóònù rẹ̀ dún. Dókítà ni.

"Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, Àǹtí. Wọ́n ti ń pa á. Àmọ́ wọ́n ní kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ páìpù á bẹ́."

"Kí wọ́n jẹ́ kó bẹ́!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn," ni Dókítà dáhùn.

Aṣọ́bodè ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n. Ó ń la ẹnu láti bi í pé bàtà rẹ̀ kejì dà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì ṣí géètì. Afárá onípákó kan ló na ara rẹ̀ láti etí òkun wọ inú omi lọ, ìparí rẹ̀ lọ́hùn-ún ni àwọn òmùwẹ̀ ti ń wọ omi. Láti ìgbà tí Ẹja ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tíì tẹ pákó kan lára afárá náà rí. Àyè wà láàárín pákó kan àti èkejì, omi sì ń hàn nísàlẹ̀. Omi náà pọ́n. Ewé àti igi wẹ́wẹ́ ń léfòó lórí rẹ̀. Ó tẹ pákó àkọ́kọ́, orí rẹ̀ wú, ó ń sọ pé "Ọlọ́run, Ọlọ́run," ó sì ń lọ. Gbogbo afárá náà ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí ariwo pọ́ǹpù.

Baba Dákẹ́ dúró ní ìparí afárá, ó di okùn mú lọ́wọ́ méjèèjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń pariwo tiẹ̀.

"Ẹ fà á sókè, bàbá. Omi ti rú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á sókè."

"Mo ti ń fà á," ni Baba Dákẹ́ wí. Àwọ̀ ojú rẹ̀ ti yí padà. "Mo fà á lẹ́ẹ̀kan kó dá mi lóhùn. Kò dáhùn. Mo tún fà á. Okùn náà le, ó dà bíi pé wọ́n so ó mọ́ nǹkan. Mi ò lè fà á jù báyìí, ọmọ mi. Bí mo bá fà á jù, màá já ọwọ́ rẹ̀."

Ó ti ń di okùn fún Ẹja láti ọdún pípẹ́, Àǹtí Sátẹ́láìtì ò sì tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù nini. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà, ó di okùn mú pẹ̀lú rẹ̀. Ó tutù, ó yọ̀, ó sì le gbagidi. Kò sí ẹ̀mí kankan nínú rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ omi náà bó ṣe máa ń tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, bóyá á lè rí nǹkan kan, ojú rẹ̀ ò sì wọ inú omi yẹn ju ibi tí ọmọ ìka lè dé lọ. Àwọn ìfófòó afẹ́fẹ́ kéékèèké ń jáde lójú omi, wọ́n ń bẹ́. Ó ń wò wọ́n. Nígbà kọ̀ọ̀kan wọ́n á dúró, òun náà á sì dúró láìmí, títí òmíràn á fi jáde.

Ó gbìyànjú láti gbàdúrà, kò rí ọ̀rọ̀. Ohun tó ń bọ̀ sí i lẹ́nu ni ohùn ara rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, bó ṣe fi ìdùnnú sọ ọ́ pé ó tòrò gan-an ni.

Lẹ́yìn náà, ariwo abẹ́ pákó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ráhùn kó tó sùn. Pákó dẹ́kun gbígbọ̀n. Pọ́ǹpù kú. Ohun tó kù ò ju ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ Ẹja àti ìgbì tó ń lu òpó afárá.

Okùn náà dẹ̀ lọ́wọ́ wọn lójijì.

Wọn ò wo ojú ara wọn. Okùn tó dẹ̀ lè jẹ́ ohun rere, ó sì lè jẹ́ òdìkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì ló mọ̀. Baba Dákẹ́ fà á lẹ́ẹ̀kan, rọra. Wọ́n dúró. Lẹ́yìn náà ni okùn náà ta lọ́wọ́ wọn, ó rọra ta, ó tún ta, ó sì ń ta láìdúró, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí wọn ò tètè ṣí.

Wọ́n fà á sókè. Baba Dákẹ́ ló fa èyí tó pọ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n Ẹja náà dọ̀bálẹ̀ sórí pákó, ó ti apá bọ inú omi pupa yẹn títí dé èjìká, ó ń wá a kiri, ó mú un ní kọ́là, kò sì jẹ́ kó bọ́. Nígbà tí wọ́n bọ́ ìbòjú kúrò lójú rẹ̀, ètè rẹ̀ ti ṣú. Ó wú ikọ́, ó bì, ó mí. Ìbọ̀wọ́ apá òsì ti lọ. Láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, ara rẹ̀ ti wú, ojú irin asẹ́ náà sì hàn gàdàgbà lára rẹ̀, igun mẹ́rin-mẹ́rin, bíi ti ìwé ìṣirò ọmọ ilé-ìwé.

Àǹtí Sátẹ́láìtì gbé orí Ẹja lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìdí aṣọ rẹ̀, ó ń nù ún, kò dá a dúró, ẹrẹ̀ náà ò sì tán.

"Kí ló dé tí o ò padà?" ló ń béèrè, ó ń sunkún. "O rí i pé ó ṣú. O lójú. Kí ló dé tí o ò padà sókè?"

Ẹja tún wú ikọ́, ó tu ẹrẹ̀ sílẹ̀.

"Mo fẹ́ padà," ló wí. "Bí mo ṣe wọ̀ ọ́ báyìí, mi ò rí nǹkan kan. Mo wá ní, ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ó tòrò níbí. Bóyá mi ò tíì débẹ̀ ni. Mo ní bí mo bá sún síwájú díẹ̀ sí i, màá jáde síbi tó tòrò yẹn. Mo ń sún, mo ń sún. Ó ń ṣú sí i. Mo ní ó kù díẹ̀. Ibi tí ẹ sọ yẹn ni mo ń wá, tí nǹkan fi gbá mi lọ́wọ́ mú."

Baba Dákẹ́ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́.

"Kò sí níbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Kí ni kò sí níbẹ̀?"

"Ibi tó tòrò náà. Kò síbi kankan tó tòrò. Orí máàpù nìkan ló wà. Èmi ni mo ṣì í."

Ó retí kó bínú. Ì bá sàn bó bá bínú. Ẹja dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra yí ojú sí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú rẹ̀ jáde, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ sẹ́yìn kúrò létí pákó, ó ń tì, ó ń tì, títí ó fi ká gúlútú sí ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Kì í ṣe òtútù, oòrùn ọ̀sán wà lórí wọn. Àǹtí Sátẹ́láìtì mọ ohun tó rí lójú rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà èwe. Gbogbo ọjọ́ ayé ọmọ yìí ló fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi ìbẹ̀rù omi sí i lọ́kàn. Ó di í mú mọ́ra, wọ́n ń gbọ̀n pọ̀, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba ìbẹ̀rù náà padà.